Ohun Tí Kùkùté Ìrèké Ń Rántí

Bí wọ́n bá pè mí sí oko ìrèké tí kò ṣe dáadáa mọ́, ewé kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ṣe ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀, n ó fọwọ́ gbá ewé gbígbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, n ó sì wo kùkùté. Ṣé wọ́n gé e lẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, àbí wọ́n fi bí ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀? Ṣé ojú ibi tí àdá bà tẹ́jú, àbí ó fà ya? Ṣé táyà ọkọ̀ ti gorí ẹ̀ kọjá? Bí mo bá ka ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lórí ìlà kan, kùkùté mélòó ni mo bá pàdé, mélòó ló sì yẹ kí n bá pàdé? Kí n tó nàró, mo ti mọ ohun tó pọ̀ nínú ìtàn oko yẹn, àní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbìn ín.

Ohun tó fà á nìyí. Koríko ni ìrèké, bí àgbàdo náà ṣe jẹ́ koríko, ṣùgbọ́n ìgbé ayé wọn ò jọra. Àgbàdo á hù, á gbó, á kú, olóko á sì tún ilẹ̀ ṣe fún òmíràn. Ìrèké ní tirẹ̀, bí a bá gé e tán, kùkùté tó kù nínú ilẹ̀ á tún rú. Àtúnhù ni mo máa pe èyí tó bá rú bẹ́ẹ̀. Ní Bràsíìlì, orílẹ̀-èdè tó ń gbin ìrèké jù lágbàáyé, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n gé oko kan ní nǹkan bí ìgbà márùn-ún kí wọ́n tó hú u láti tún un gbìn. Nítorí náà, àṣìṣe tí àgbẹ̀ bá ṣe lọ́jọ́ ìgbìn kì í tán lọ́dún yẹn. Ọdọọdún ni yóò máa san gbèsè ẹ̀ títí di ọjọ́ tó máa hú oko náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó bá ṣe dáadáa á máa pa èrè wálé fún un lọ́dọọdún.

Tí a bá kó gbogbo ìrèké tí ayé ń gé lọ́dún, tí a pín in sórí ilẹ̀ tí wọ́n fi gbìn ín, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 70 ló máa kan hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan. Ní Pèrú, níbi tí oòrùn etíkun ti mú ganrínganrín tí wọ́n sì ń fa omi odò wọ oko, ìpíndọ́gba wọn ju tọ́ọ̀nù 100 lọ. Ojú ọjọ́ àti ilẹ̀ ní tiwọn níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè jiyàn. Ìrèké fẹ́ ooru, ó fẹ́ oòrùn, ó sì ń mu omi gan-an: mìlímítà 1,500 sí 2,500 láàárín ìgbà tó bá fi wà lóko. Ṣùgbọ́n oko méjì tó pààlà, tí òjò kan náà rọ̀ sí, tí irú ìrèké kan náà wà nínú wọn, lè yàtọ̀ síra débi tí ọ̀kan á fi tó ìlọ́po méjì èkejì. A ò lè di irú ìyàtọ̀ yẹn ru òjò. Ọwọ́ olóko, àsìkò tó fi ṣe nǹkan, àti ohun tó ní lọ́wọ́ nígbà tí àsìkò náà dé ló fà á.

Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Irú ìrèké wo ló dáa jù?” Ìbéèrè gidi ni. Ìrèké àtijọ́, èyí tí àwọn ará erékùṣù New Guinea sọ di ohun ọ̀gbìn, nípọn, ó sì dùn, àmọ́ àrùn tètè ń mú un. Àwọn onímọ̀ wá lọ mú ìrèké inú igbó, tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò sì dùn tó bẹ́ẹ̀, wọ́n fi ṣe akọ fún un kí ọmọ tí wọ́n bá bí lè lágbára. Ibùdó ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Coimbatore ní Íńdíà lọ́dún 1912 wà lára àwọn tó ṣiwájú iṣẹ́ yìí. Wọ́n mú irú ìrèké kan tó ń jẹ́ Co 205 jáde ní 1918. Ní erékùṣù Java, wọ́n ṣẹ̀dá irú mìíràn, POJ 2878, ní 1921, ó sì tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin ìrèké. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìrèké tó wà lóko lónìí, ẹ̀jẹ̀ ìrèké oko àti ti igbó ló wà lára ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àríwá Íńdíà fún yín. Lọ́dún 2009, wọ́n gbé irú kan tó ń jẹ́ Co 0238 síta. Ó wúwo, ó sì dùn, ohun méjì tí kì í sábà pàdé lára ìrèké kan. Àwọn àgbẹ̀ Uttar Pradesh fẹ́ràn ẹ̀ débi pé, nígbà tó di nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, ó ti gba ohun tó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ilẹ̀ ìrèké ìpínlẹ̀ náà. Ìgbà náà ni àrùn ìjẹrà pupa wọlé sí i lára. Nítorí pé irú kan ṣoṣo ló gba ilẹ̀ lọ bíi rẹrẹ, àrùn náà ò rí ohun tó máa dí i lọ́nà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìjẹrà pupa, kó la ìrèké náà ní òòró. Inú ẹ̀ á ti pọ́n, ilà funfun á sì dábùú pupa náà níbi mélòó kan, á máa rùn bí ọtí tó ti kan. Kò sí oògùn tí a ó fún ìrèké tó bá ti rí báyẹn. Híhú ni, ká sì jó o níná.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí léèrè irú ìrèké ni pé kí wọ́n mú méjì tàbí mẹ́ta tó bá ilẹ̀ wọn mu: ọ̀kan tó tètè ń gbó, ọ̀kan tó ń pẹ́. Èyí á jẹ́ kí iṣẹ́ ìkórè má dé lẹ́ẹ̀kan náà, àrùn kan ò sì ní lè gbé gbogbo oko lọ.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára ju ti irú lọ ni ti ohun tí a fi ń gbìn. Ègé ni a fi ń gbin ìrèké, ègé olójú méjì tàbí mẹ́ta. Ojú yẹn, tó wà ní oríkèé kọ̀ọ̀kan bí ojú iṣu, ni ìrèké tuntun ti máa yọ. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló máa ń ta èyí tó dáa nínú ìrèké wọn, tí wọ́n á wá fi èyí tó ṣẹ́kù, tó ti gbó kọjá ààlà, tí kòkòrò ti gbẹ́ inú ẹ̀, ṣe irúgbìn. Wọ́n rò pé àwọn ò ná owó. Ojú tó ti gbó ti le koko, á pẹ́ kó tó hù, òmíràn ò sì ní hù rárá. Ìrèké tó ti pé oṣù mẹ́jọ sí mẹ́wàá ló yẹ ká gé fún irúgbìn, apá òkè rẹ̀ ló sì ń yára hù jù, nítorí ibẹ̀ ni ojú ti kéré lọ́jọ́ orí tí omi sì pọ̀ sí. Kí àgbẹ̀ ya igun kan sọ́tọ̀ nínú oko fún irúgbìn nìkan, kó tọ́jú ibẹ̀ ju gbogbo ibi yòókù lọ. Lójú tèmi, iṣẹ́ kékeré yìí ni èrè ẹ̀ pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tí mo máa kọ síbí.

Ìdí mìíràn ni àrùn tí ojú ò lè rí. Àrùn kan wà tó ń sọ àtúnhù di ràrá; ní Queensland ní Ọsirélíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀, láàárín 1944 sí 1945. Ewé kì í pọ́n, ọ̀pá kì í jẹrà, kò sóhun tí ẹni tó ń kọjá lọ á rí. Ìrèké á kàn tẹ́ẹ́rẹ́, á sì kúrú ju bó ṣe yẹ lọ, pàápàá lọ́dún tí ọ̀dá bá dá. Olóko á ní ilẹ̀ ti ṣá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àdá ló ń gbé àrùn yìí kiri, láti ìdí kan bọ́ sí òmíràn àti láti oko kan bọ́ sí òmíràn. Àdá tí wọ́n fi gé irúgbìn nínú oko aládùúgbò lánàá, tí wọn ò fọ̀, ni wọ́n tún fi gé tiyín lónìí. Ìtọ́jú ẹ̀ kò le lórí ìwé: ẹ ri ègé sínú omi gbígbóná tó wà ní ìwọ̀n 50 ti Celsius fún wákàtí méjì. Lóko, iṣẹ́ ojú lílà ni. Bí omi bá gbóná jù, ojú ìrèké á kú. Bí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, àrùn á yè. Tẹmómítà ò gbọ́dọ̀ kúrò nínú àgbá. Nítorí náà, irúgbìn tí a fẹ́ fi dá igun ìrúgbìn sílẹ̀ nìkan ni a máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, gbogbo oko á sì wá jàǹfààní lára ẹ̀. Ti àdá rọrùn ju ìyẹn lọ. Ẹ gbé ike oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn dání, kí ẹ máa ti àdá bọ̀ ọ́ kí ẹ tó bọ́ sí ìlà mìíràn tàbí oko mìíràn.

Àwọn kan ti ń lo ọ̀nà mìíràn báyìí. Ojú ìrèké kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbẹ́ yọ, wọ́n á hù ú nínú ike kékeré, wọ́n á sì wá lọ lọ́ ọ sóko bí wọ́n ṣe ń lọ́ tòmátì. Ní Íńdíà, níbi tí ọ̀nà àtijọ́ ti ń gba tọ́ọ̀nù mẹ́fà sí mẹ́jọ irúgbìn lórí hẹ́kítà kan, èyí dín ẹrù irúgbìn kù gan-an, ó sì ń jẹ́ kí àgbẹ̀ ṣa èyí tó lágbára nìkan lọ sóko. Ó gba ọwọ́ púpọ̀ àti omi tó sún mọ́tòsí. Ẹni tí kò bá ní méjèèjì, kó má dá a láṣà.

Lẹ́yìn tí a bá ti gbìn, oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ ló kù. Mo mọ̀ pé oṣù méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ìrèké ń lò kó tó gbó, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin yẹn ló ń pinnu iye ọ̀pá tí a máa gé. Ó ń gba ọgbọ̀n ọjọ́ sí márùndínláàádọ́ta kí ègé tó hù tán. Lẹ́yìn náà ni ìdí kọ̀ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, ọ̀kan á di mẹ́rin, á di mẹ́jọ. Láàárín gbogbo àsìkò yìí, ilẹ̀ tó wà láàárín ìlà, tó fẹ̀ tó mítà kan ààbọ̀ nígbà mìíràn, ṣófo sílẹ̀ fún oòrùn. Kí ni ẹ rò pé ó máa hù síbẹ̀? Koríko tó bá jọba lórí ìrèké nígbà yìí á gba omi àti ajílẹ̀ ẹ̀, àwọn ọmọ tó yẹ kó di ọ̀pá á sì rọ dànù. Tí ewé ìrèké bá ti pàdé lókè, tí ìsàlẹ̀ ti ṣókùnkùn, koríko ò tún lè ṣe é ní nǹkan kan mọ́. Ẹni tó roko lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́rin yẹn ti parí iṣẹ́. Ẹni tó dúró di oṣù kẹfà kó tó bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, owó tó ná ò ní padà sí i lápò.

Inú mi kì í dùn tí mo bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń pe àgbẹ̀ tó pẹ́ ní ọ̀lẹ. Èmi ti bá wọn dé oko. Ìgbà tí ìrèké ń fẹ́ ìroko náà ni àgbàdo ń fẹ́ ìroko, ìgbà náà ni alágbàro wọ́n bí ojú, ìgbà náà gan-an sì ni owó ìkórè èṣí ti tán. Ọdún kan wà tí ilé iṣẹ́ kan ṣèlérí ajílẹ̀ láwìn fún àwọn àgbẹ̀ tí mo ń bá ṣiṣẹ́. Oṣù kejì lẹ́yìn ìgbìn ni wọ́n ń retí ẹ̀. Oṣù kẹfà ló dé, nígbà tí ìrèké ti ga ju orí èèyàn lọ. Gbèsè ni, wọn ò lè dá a padà, wọ́n sì dà á sílẹ̀ nítorí kò dáa kó bàjẹ́. Ìrèké náà dúdú minimini, ó ń bá gíga lọ, àmọ́ nígbà tí wọ́n gé e, omi ló pọ̀ nínú ẹ̀. Wọ́n dín owó wọn kù nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún ìrèké, nítorí pé kò dùn tó. Orúkọ àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n kọ sórí ìwé pé wọn ò mọ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ní àlàyé. Náítírójìn, èròjà kan nínú ajílẹ̀, ni ó ń mú kí ewé yọ kí ọ̀pá sì gùn, ìrèké sì nílò ẹ̀ nígbà tó bá ń bímọ àti nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Bí náítírójìn bá ṣì pọ̀ nílẹ̀ nígbà tó yẹ kó máa gbó, á máa dàgbà lọ ni. Ṣúgà tó yẹ kó kó pamọ́ sínú ọ̀pá ni yóò máa ná lórí ewé tuntun, ìdí ẹ̀ á rọ̀, atẹ́gùn díẹ̀ á sì gbé e ṣubú. Nítorí náà, kí gbogbo náítírójìn ti wọlé láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́, kí a pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí a sì fi ilẹ̀ bò ó. Yúríà, ajílẹ̀ tó kún fún náítírójìn, tí a bá fọ́n sórí ilẹ̀ lásán nínú oòrùn, afẹ́fẹ́ ló ń gbé púpọ̀ nínú ẹ̀ lọ.

Pòtásíọ̀mù ni èròjà tí àwọn àgbẹ̀ ń gbàgbé, òun sì ni ìrèké ń gbà jù nínú ilẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ni láti bá ìrèké gbé ṣúgà láti ewé lọ sínú ọ̀pá. Bí a bá ń gé ìrèké tí a sì ń kó o lọ lọ́dọọdún, pòtásíọ̀mù ilẹ̀ náà là ń kó lọ. Ẹ mú iyẹ̀pẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí ẹ tó gbìn, nítorí àkókò yẹn nìkan ni ẹ lè fi ẹfun lílọ̀ sí ilẹ̀ tó bá kan, ìyẹn tí ásíìdì ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, kí ẹ sì rò ó pọ̀ dáadáa. Tí ìrèké bá ti wà lórí ilẹ̀, ó di ìgbà tí ẹ bá hú u. Bí ilé iṣẹ́ ṣúgà bá wà nítòsí, ẹ bèèrè fún pàǹtí dúdú tó máa ń ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá sẹ́ omi ìrèké. Ajílẹ̀ gidi ni, èròjà fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ nínú ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí omi ṣe rìn lọ́dún tó kọjá, kó mú ọ̀pá ìrèké kan tó ti gbó, kó máa fọwọ́ tọ́ ọ láti ìdí lọ sókè. Oríkèé méjì tí àárín wọn gùn, ìgbà yẹn ni omi tó. Ibi tí oríkèé ti sún mọ́ra, tí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lé lórí ara wọn bí ìka ọwọ́ ọmọdé, ìgbà yẹn ni òùngbẹ gbẹ ẹ́. Láti oṣù kẹrin sí ìkẹsàn-án lẹ́yìn ìgbìn ni ìrèké ń yára ga jù, oríkèé tó bá sì ti kúrú ò ní gùn mọ́ láéláé. Bí àgbẹ̀ bá ní omi díẹ̀ tó lè fa wọ oko, àsìkò yìí ni kó fi í sí. Ẹ má sì gbàgbé pé omi tó dúró sójú kan náà ń ṣe ìpalára. Gbòǹgbò ń fẹ́ atẹ́gùn, ìrèké tí ìdí ẹ̀ wà nínú omi fún ọ̀sẹ̀ méjì á máa pọ́n bí ẹni tí ajílẹ̀ ò tó. Ọ̀pọ̀ ni mo ti rí tó da yúríà sí irú oko bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé kí wọ́n la ojú omi ló yẹ. Nígbà tó bá ku bí oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ kí a gé e, ẹ dá omi dúró. Ìyà díẹ̀ nígbà yẹn ló ń mú kó jáwọ́ nínú dídàgbà, kó sì kó ṣúgà jọ.

Ìkórè ni ibi tí iṣẹ́ ọdún kan ti lè bàjẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Apá ìdí ni ṣúgà pọ̀ sí jù lára ọ̀pá. Òkè ẹ̀, lẹ́bàá ewé, omi ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó gé e sókè nítorí kò fẹ́ tẹ̀ ba, èyí tó dùn jù ló fi sílẹ̀ sóko. Kò tán síbẹ̀: kùkùté gíga á rú láti orí ilẹ̀, gbòǹgbò àtúnhù yẹn ò ní wọlẹ̀ dáadáa, ìjì á sì wó o. Ẹ gé e mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àdá tó mú, nítorí àdá tó kú ló ń fa kùkùté ya, ibẹ̀ ni àrùn sì ń gbà wọlé.

Lẹ́yìn tí a bá gé e, aago ti ń ká. Ṣúgà inú ìrèké bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà di irú adùn mìíràn tí ẹ̀rọ ò lè sọ di ṣúgà oníhóró, àwọn kòkòrò àìfojúrí á gba ojú ọgbẹ́ wọlé, wọ́n á sì sọ omi ẹ̀ di ohun tó ń yọ̀ bí ilá. Wákàtí mẹ́rìnlélógún ló dáa kó fi dé ẹ̀rọ. Bí ó bá kọjá ọjọ́ méjì, àdánù ti bẹ̀rẹ̀ gidi, pàápàá èyí tí wọ́n bá jó kí wọ́n tó gé. Nítorí náà, ẹ má gé ju ohun tí ọkọ̀ lè kó lọ. Ọkọ̀ ló yẹ kó máa dúró de ìrèké.

Ní ti ìjóko, mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Ewé ìrèké mú bí abẹ, ejò ń wà nínú ẹ̀, iṣẹ́ á sì yá tó bá ti jó. Ṣùgbọ́n ewé gbígbẹ tó wà lórí hẹ́kítà kan lè tó tọ́ọ̀nù mẹ́wàá sí márùndínlógún, bí a bá sì dáná sun ún, a ti sun ìbora ilẹ̀ nìyẹn. Oko tí wọ́n fi ewé bò, koríko ò rójú hù níbẹ̀, omi ilẹ̀ ò tètè gbẹ, ekòló á sì padà. Ìpínlẹ̀ São Paulo ní Bràsíìlì ṣe òfin lọ́dún 2002 láti dín jíjó ìrèké kù díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dópin. Níbi tí ilẹ̀ bá ti tutù tó sì rin, ẹ kó ewé náà kúrò lórí ìlà sí àárín poro, kí oòrùn lè kan kùkùté, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á pẹ́ kó tó rú.

Mo padà sídìí kùkùté. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ máa ń wo àtúnhù bí èrè ọ̀fẹ́: kò náni ní irúgbìn, kò náni ní katakata. Wọ́n á gé tán, wọ́n á lọ sílé, ó di ìgbà tí koríko bá bo ibẹ̀ kí wọ́n tó padà wá. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn ìkórè gan-an ni iṣẹ́ àtúnhù. Ẹ fi ọkọ́ tó mú gé kùkùté tó bá ga mọ́lẹ̀. Ẹ rìn lórí ìlà, níbi tí àlàfo bá ti ju sẹ̀ǹtímítà 50 lọ, ẹ fi ìrèké tó ti hù nínú ike tàbí ègé tuntun dí i, nítorí àlàfo yẹn ò ní dí fúnra ẹ̀, lọ́dún tó ń bọ̀ á sì fẹ̀ sí i. Ẹ fún un ní ajílẹ̀ ní kíá. Ní Íńdíà, ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àgbẹ̀ ni pé kí náítírójìn àtúnhù fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ju ti ọdún ìgbìn lọ, nítorí pé gbòǹgbò àtijọ́ ń kú, tuntun ò sì tíì jinlẹ̀.

Ohun kan tún wà tó ń pa àtúnhù jẹ́jẹ́. Ní ọ̀pọ̀ oko ní Ọsirélíà, ìlà ìrèké fẹ̀ tó mítà 1.5, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀rọ ìkórè wọn fẹ̀ síra tó nǹkan bíi mítà 1.8. Lọ́dọọdún ni táyà ń tẹ ẹ̀bá kùkùté mọ́lẹ̀, tí ilẹ̀ ń ki bí ilẹ̀ ilé, tí gbòǹgbò ò lè wọ̀ ọ́. Lọ́dún 1993, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ para pọ̀ láti wádìí ìdí tí ilẹ̀ ìrèké fi ń ṣá. Ohun tí wọ́n rí ni pé gbígbin ìrèké léraléra láìsí ìsinmi, ríro ilẹ̀ lárojù àti ìwúwo ọkọ̀ ló fà á pọ̀. Wọ́n wá ní kí ìlà bá táyà dọ́gba, kí a fi ewé bolẹ̀, kí a sì gbin ẹ̀wà sóyà tàbí irú ẹ̀wà mìíràn sórí ilẹ̀ náà fún sáà kan kí ìrèké tó padà síbẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò ní ẹ̀rọ ńlá náà lè lò ó: ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ akẹ́rù ní ojú ọ̀nà kan ṣoṣo nínú oko, ẹ má sì jẹ́ kó wọlé nígbà tí ilẹ̀ bá tutù.

Ẹni tó ń ṣe gbogbo èyí ńkọ́? Àgbẹ̀ tí ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, tí wọ́n lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́yìn ìkórè kan, kò ní dí àlàfo fún ẹlòmíràn, ẹ ò sì lè bá a wí. Kí ó gba ìwé ọdún márùn-ún kó tó gbìn. Ọ̀rọ̀ ìpàdé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà wà níbẹ̀. Mo ti lọ sí ọ̀pọ̀ ibi tó jẹ́ pé ìyàwó ló ń gbìn, ìyàwó ló ń roko, ọkọ ni wọ́n sì pè wá jókòó lórí àga láti gbọ́ bí a ṣe ń gbìn. Báyìí, mo máa ń ní kí wọ́n jẹ́ ká ṣe ìpàdé náà nínú oko, nígbà tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀. Ìbéèrè tí àwọn obìnrin ń bi mí níbẹ̀ máa ń le ju ti àwọn tó jókòó sórí àga lọ.

Bákan náà, ẹ ní ìwé kékeré kan. Ọjọ́ tí ẹ gbìn, ibi tí irúgbìn ti wá, ọjọ́ ìroko, ìwọ̀n ajílẹ̀, ìwọ̀n tọ́ọ̀nù tí ẹ̀rọ wọ̀n. Láìsí i, ìgbà tó yẹ kí ẹ hú oko á kọjá lójú yín, nítorí àtúnhù kì í ṣubú lọ́jọ́ kan. Á máa dín kù díẹ̀díẹ̀, títí tí owó ìtọ́jú ẹ̀ á fi ju ohun tó ń mú wá lọ.

Màmá kan wà tó gé ìrèké fún ọdún kẹrin. Nígbà tí mo dé, ó ti ta okùn sórí ìlà, ó sì ń ka kùkùté fúnra ẹ̀. Níbi tí àlàfo bá wà, á gbé òkúta kékeré sílẹ̀ bí àmì. Mo bi í pé mélòó. Ó yọ ìwé láti inú àpò, ó ní: “Ìlà kẹrin, òkúta mọ́kànlá. Èṣí, mẹ́fà ni.” Ó wo ìlà náà lọ sókè, ó wo ike ìrèké tuntun tó tò sábẹ́ igi, ó ní kí n bá òun mú èyí tó wà lápá ọ̀tún wá.